Ọdún Mẹ́rìnlélógún Tí Mo Fi Di Ẹrù Linux

Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí jù lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Rosettenville, ní Johannesburg níbí: irú iṣẹ́ wo gan-an ni Ìyá Tèmítọ́pẹ́ ṣe jẹun? Àwọn kan rò pé mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn mìíràn gbé fóònù tó ti fọ́ wá bá mi. Ọkọ mi pàápàá, tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, máa ń sọ fún àlejò pé ìyàwó òun ń ṣe nǹkan kọ̀ǹpútà kan, á sì yára gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa sì ń ronú ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, nítorí iṣẹ́ náà dùn, ó sì gbé mi níyì.

Linux ni ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, bí ọpọlọ ṣe ń darí ara. Kò sí ẹnì kan tó ni ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ń kọ apá rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ara wọn rí. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lè lò ó. Àwọn kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí yóò gba apá kọ̀ọ̀kan, yẹ̀ ẹ́ wò, tún ibi tó wọ́ ṣe, dì í ní ẹrù, kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, buwọ́ lù ú, kí ẹni tó fẹ́ ẹ lè tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo kó sì wọlé. Àwa la ń di ẹrù yẹn. Bí a bá dì í dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé a wà láyé.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Johannesburg, ẹnì kan sì sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kékeré kan ní àárín ìlú ń wá ẹni tó lè kàwé pẹ̀lú sùúrù. Owó oṣù wọn tó jẹun, kò tó fi ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwa méje la wà níbẹ̀, ní àjà kẹfà ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń ta búláńkẹ́ẹ̀tì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Linux tiwa là ń tò pọ̀ láti inú irú àwọn ẹrù bẹ́ẹ̀, fún àwọn kíníìkì àti ilé ẹ̀kọ́ tí apá wọn kò ká sọ́fítíwíà olówó gọbọi.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Mama Nomvula. Ọmọ Zulu ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ṣe tẹ́lẹ̀, láyé tí wọ́n ń fi ọwọ́ so wáyà ẹni tó ń pè mọ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó ra ìwé kọ̀ǹpútà, ó kọ́ ara rẹ̀. Èèyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Odidi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kí n di ẹrù kankan. Ìwé ìyípadà ló ní kí n máa kà, ìyẹn àlàyé tí àwọn tó kọ ètò máa ń kọ nígbàkigbà tí wọ́n bá yí nǹkan padà. Bí mo bá kà á tán, á bi mí léèrè ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọn kò kọ. Ó ní kí n padà lọ kà á.

Ẹrù àkọ́kọ́ tí mo dì jẹ́ ètò kékeré kan tí ń tẹ àkọlé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn. Ìgbà mọ́kànlá ni Mama dá a padà. Nígbà àkọ́kọ́, mo ṣi orúkọ ẹni tó kọ ètò náà kọ. Nígbà kejì, n kò ka ìwé àṣẹ tó bá a wá dé ìsàlẹ̀. Nígbà kẹta, ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, ó ń fi pàǹtí sílẹ̀. Ìgbà tó máa di ìkeje, omi ti fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé ètò náà kéré, kò sẹ́ni tó máa rí àléébù yìí.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Sisi Bọ́lá, ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbí. Nọ́ọ̀sì tó máa lò ó kò sí níbí. Ìwọ nìkan lo wà láàárín wọn. Bí ìwọ kò bá rí i, ta ló máa rí i?"

Mo gbé e lọ, mo tún un dì. Ìyá mi máa ń sọ ní Iléṣà pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ obìnrin Zulu yìí ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹrù náà kọjá, kò yìn mí. Ó kàn gbé òmíràn fún mi ni.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ mẹ́ta wà lábẹ́ fèrèsé wa, orúkọ àwọn àǹtí rẹ̀ ni Mama sì fi sọ wọ́n. Gladys ṣófo, kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Beauty ní ẹ̀dà àtijọ́ gbogbo ẹrù wa. Patience ni ti wàhálà: ó rí bí kọ̀ǹpútà kíníìkì ṣe máa ń rí gan-an, díìsìkì rẹ̀ kún fọ́fọ́, àwọn ènìyàn ti dọ́gbọ́n sí i lára lọ́nà oríṣiríṣi, àwọn nǹkan kan sì wà níbi tí kò yẹ kí wọ́n wà. Òfin Mama ni pé ẹrù kò gbọdọ̀ jáde láì kọjá lórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó tó ọdún karùn-ún kí ẹsẹ̀ mi tó yọ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́ nídìí iṣẹ́ náà, nítorí náà mo ti wo ẹ̀yìn sí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ètò àkọlé oògùn yẹn kan náà ni wọ́n gbé tuntun rẹ̀ jáde. Tuntun náà kò lo fódà kan tí ti àtijọ́ ń kó pàǹtí sí mọ́, mo wá kọ àṣẹ sínú ẹrù mi pé kí kọ̀ǹpútà da gbogbo ohun tó bá wà nínú fódà yẹn nù. Ó kọjá lórí Gladys, ó kọjá lórí Beauty. Patience ti bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a ṣì ń retí ẹ̀yà ara rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé kí ni Patience fẹ́ rí tí àwọn yòókù kò rí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Mama ti lọ sílé, èmi náà sì ti ní àṣẹ láti buwọ́ lu ẹrù fúnra mi. Mo buwọ́ lù ú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì kan ni, láti kíníìkì kan ní Roodepoort. Sister Lerato ni wọ́n ń pè é, torí sister ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì níbí. Kò pariwo. Ó ní òun tan kọ̀ǹpútà, ó gba ẹrù tuntun, ni àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn òun bá pòórá: àwọn tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn tó ń gba oògùn HIV, gbogbo wọn. Ó ní bẹ́ńṣì ti kún. Ó wá ní, "Wọ́n ń wò mí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Díìsìkì wọn kéré, ẹnì kan tó bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe rí ti kó àkọsílẹ̀ aláìsàn lọ síbi tó láyè, ó sì la ọ̀nà àbùjá kan láti inú fódà pàǹtí yẹn lọ síbẹ̀. Àṣẹ mi kò mọ̀. Ó gba ọ̀nà àbùjá náà kọjá, ó sì gbá ilé onílé mọ́ tónítóní. Irú ọgbọ́n àdàbọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà lára Patience.

Mo sọ fún Mama, mo sì ní kí ó jẹ́ kí n yára dí ihò náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó mi orí.

"Kọ́kọ́ gbé e kúrò lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, sọ fún gbogbo wọn."

"Kí n sọ kí ni, Mama?"

"Sọ pé ìwọ ni."

Mo jókòó, mo kọ ọ́ sí gbogbo kíníìkì pé kí wọ́n má gba ẹrù ọjọ́ Jímọ̀, pé èmi Bọ́lá ni mo dì í, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò tó, pé ẹni tó bá ti gbà á kí ó má tẹ ohunkóhun mọ́, kí ó pè wá. Mẹ́ta ló ti gbà á. Méjì nínú wọn ní ẹ̀dà ìpamọ́. Ti Roodepoort kò ní.

Èmi àti Mama wọ tásí. Ó gbé díìsìkì òfìfo kan sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ní gbogbo róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, tó bá dá wa dúró, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa fẹsẹ̀ sáré lọ.

Sister Lerato kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, ohun tó gbà wá là nìyẹn. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá dà nù kì í kúrò lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ń pa rẹ́ nínú ìwé atọ́ka; ohun náà ṣì wà nílẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi bọ́ sórí rẹ̀. Mama so díìsìkì òfìfo náà mọ́ ọn, a bẹ̀rẹ̀ sí í fa àkọsílẹ̀ náà yọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èyí tó pọ̀ jù ti padà. Àwọn kan já sí méjì, àwọn kan kò ní orí. Ìyẹn ni mo fi jókòó ti Sister Lerato, tí à ń pe àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń ka káàdì ọwọ́ wọn láti fi dí àyè tó ṣófo.

Ìyá àgbà kan jókòó níwájú mi, ó na káàdì rẹ̀ sí mi, ó wò mí dáadáa. Ó bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo pa mí rẹ́?"

Mo pè é ní gogo, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, gogo. Ẹ má bínú."

"Ó dáa. Kọ mí padà. Kí o kọ ọ́ dáadáa."

Mo kọ ọ́ dáadáa. Kí aago mẹ́rin tó lù, ẹni tó kẹ́yìn ti gba oògùn rẹ̀ lọ sílé. Kò sí ẹnì kan tó wá lọ́jọ́ náà tó padà lọ́wọ́ òfo.

Ní ọjọ́ kejì, mo kọ ìwé pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Mama kà á, ó fi bírò pupa fa ìlà sí ibi méjì tí mo ti ṣi lẹ́tà kọ, ó dá a padà fún mi. Ó ní tí mo bá ti tún un kọ tán, kí n kọ́kọ́ kọ ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ àtilọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ àyẹ̀wò kan: kí ẹrù èyíkéyìí tó da nǹkan nù nínú fódà kan, ó gbọ́dọ̀ wádìí bóyá fódà gidi ni tàbí ọ̀nà àbùjá. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àbùjá, kó dúró. A fi ṣe òfin fún gbogbo ẹrù wa. Mama ní kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń to Linux ńlá kan pọ̀ lókè òkun, èyí tí àwa náà ti ń mú ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn ènìyàn tí n kò rí rí bá mi jiyàn lórí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, mo dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbà á níkẹyìn. Ní ọjọ́ tí mo rí orúkọ mi nínú ìwé ìyípadà wọn, ìlà kan péré, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e fún Mama. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò gba àmì ẹ̀yẹ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn ò tún kúrò nínú dúrọ́ọ̀ mọ́.

Ayé wá yí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, sórí síídì la ń kó ẹrù wa, a ó kó wọn sínú páálí, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì á bá wa gbé e lọ sí àwọn ìlú tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé. Nígbà tó yá, íńtánẹ́ẹ̀tì gba ibi gbogbo. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù fúnra rẹ̀ ní kété tí a bá ti fi àṣẹ ránṣẹ́. Ohun tó ń gbà mí ní ọjọ́ méjì di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gladys àti àwọn àbúrò rẹ̀ di kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, tí a lè ṣẹ̀dá ní àárọ̀ kí a sì tú u ká ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan bẹ̀rù pé iṣẹ́ parí. Èmi kò bẹ̀rù. Ẹ̀rọ ń di ẹrù, àmọ́ kò mọ ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé ìyípadà.

Mama fẹ̀yìn tì, ó padà sí abúlé rẹ̀ ní KwaZulu-Natal, mo sì bọ́ sípò rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbà ni Sister Lerato. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa dúró ní kíníìkì mọ́, láti ọjọ́ àjálù yẹn ló sì ti máa ń pè mí láti sọ ohun tí ẹrù wa ń ṣe àti ohun tí kò ṣe. Mo ní tó bá jẹ́ pé ìwọ lo máa ń rí àléébù wa lẹ́yìn tó bá ti jáde, wá máa rí i kó tó jáde. Ó kọ́ iṣẹ́ náà kíákíá. Mo le mọ́ ọn, bí Mama ṣe le mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ètò kékeré kan wà tí ń ka déètì. Bàbá àgbà kan ló kọ ọ́, òun nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ èyí tó ju ìdajì àwọn ẹrù wa lọ ló gbára lé e. Ó rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan wá yọjú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀ rí. Ó ń ṣe dáadáa, ó ń dáhùn ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá náà sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbé tuntun jáde, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi: kí ló dé tí a kò tíì gbà á?

Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe. Mo gbé kóòdù ètò náà tó wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú àpótí tí olùrànlọ́wọ́ náà fi ránṣẹ́, mo fi wọ́n wé ara wọn ní ìlà dé ìlà. Fáìlì kan wà nínú àpótí tí kò sí ní gbangba. Orúkọ rẹ̀ ní fáìlì àyẹ̀wò lásán ni. Mo ṣí i, mo rí jágbajàgba tí kò ní ìtumọ̀. Ìwé ìyípadà kò sọ nǹkankan nípa rẹ̀. Lerato ló rí ìyókù: nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń to ètò náà pọ̀, ó máa ń lọ ka jágbajàgba yẹn. Kí ni ẹnì kan ń wá nínú pàǹtí?

N kò buwọ́ lù ú. Ọ̀gá wa tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Sipho, wá bá mi ní tábìlì mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ àwọn kíníìkì ń retí ètò ńlá kan tó nílò tuntun yìí, ó sì ti ṣèlérí fún wọn.

Ó ní, "Eish, Mama Bọ́lá, gbogbo ayé ti gbà á."

Mo ní, "Gbogbo ayé kọ́ ni wọ́n máa pè ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ tí mo máa parí. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀wé sí bàbá àgbà náà fúnra rẹ̀, mo fi fáìlì náà hàn án, mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Àwọn lẹ́tà tó ń wọlé nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn kò dára. Ẹnì kan ní àgbà ti ń dé sí mi. Ẹlòmíràn ní irú èmi ló ń fa Áfíríkà sẹ́yìn. Mo kà wọ́n, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ní ọjọ́ kẹwàá, bàbá náà dá mi lóhùn: òun kò rí fáìlì yẹn rí. Mo kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn onímọ̀ ààbò tú u wò, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, tí àjèjì kan lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá ní in. Àwọn tó ti yára gbà á ní láti sáré yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ohun tí a fẹ́ yọ. Kò wọ kíníìkì kankan.

Ọ̀gbẹ́ni Sipho wá, ó dúró níwájú tábìlì mi, ó tọrọ àforíjì lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi àti Lerato láti àwọn ìlú tí n kò lè rí lórí àwòrán ayé. Wọ́n pè mí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n wá jẹ́rìí, mo ṣàlàyé títí, pásítọ̀ wa sì ní kí ìjọ kàn yin Olúwa, torí ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ṣùgbọ́n ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́, tó ti di dókítà, wá bá mi nínú ilé ìdáná. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe, pé láti kékeré òun ni òun ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun pé òun kò mọ iṣẹ́ tí màmá òun ń ṣe. Ó ní ní ọjọ́ yẹn, ní wọ́ọ̀dù, òun nawọ́ sí kọ̀ǹpútà kan, òun sì sọ fún wọn pé màmá òun ni kò jẹ́ kí olè wọ ibí yìí. Mo yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀ mi. Mo sọ fún un pé àlùbọ́sà ló ta mí lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo di ẹrù kan tó kù lọ́wọ́ mi, mo fi ránṣẹ́ sí Lerato kó buwọ́ lù ú. Ó dá a padà. Mo ti gbàgbé láti kọ ohun kan tí ètò náà nílò. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi tẹ́lẹ̀, n kò sì rí i pé kò sí lórí ti ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́ sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ kò fi bò. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà ní yàrá kejì fi wá wò mí. Mo tún un ṣe, mo fi ránṣẹ́ padà. Ó dáhùn pé, "Shap," ìyẹn ni pé ó dáa, "Mama Bọ́lá. Ó ti wọlé."

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí gbogbo ayé á ti máa pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ wá a síbòmíràn. Bí ẹ bá lè ka ìwé pẹ̀lú sùúrù, tí ẹ lè sọ pé "èmi ni" nígbà tó bá bàjẹ́, tí ẹ sì lè sọ pé "rárá" nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń kánjú, àyè wà fún yín níbẹ̀.

Ẹrù mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ní orúkọ mi lára gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo lò kẹ́yìn, Lerato kọ àṣẹ kan ṣoṣo, mo sì gbé ife tíì mi, mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Mò ń wò ó bí orúkọ mi ṣe ń kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí tirẹ̀ ń wọlé, ní gbogbo kíníìkì tí ń bẹ lábẹ́ wa, kò sì sí èyí tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró nínú wọn.